Afárá Gìtá Fetuli

Ẹ bi Losaline ní ohun tó ń fa orí fífọ́ fún un. Kò ní dárúkọ oòrùn erékùṣù Eua wọn, kò sì ní dárúkọ ẹní tó ń hun láti àárọ̀. Sunia ọkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà Fetuli, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin.

Lọ́sàn-án Sátidé yẹn, àwọn méjèèjì wà lẹ́yìn ògiri páànù, nínú ahéré tí Fetuli ń sùn sí, tó tún ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Gìtá oníná ni Fetuli ń kàn fún ẹgbẹ́ àwọn amukava abúlé wọn, àwọn ọkùnrin tó máa ń kọrin nídìí kava, ohun mímu tí wọ́n ń fi gbòǹgbò igi po. Ó ti gbẹ́ igi, ó ti lẹ ọrùn mọ́ ọn, ó sì ti na òwú láti orí dé ìdí kó lè rí i pé ọrùn náà kò wọ́. Kò wọ́ lóòótọ́. Ó ku afárá, irin kékeré tí okùn gìtá máa ń gùn lé. Rula ló fi wọn ibi tó gbé e sí, okùn nìkan ló sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò tíì dè é mọ́ igi.

Bó bá ta okùn lásán, ó dùn. Bó bá fi ìka tẹ okùn kan náà láàárín ọrùn, ohùn rẹ̀ á ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Díẹ̀ yẹn ló ń gún Losaline létí bí ẹ̀gún. Òun ló ń dá orin fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, etí rẹ̀ kì í gba ohùn tó bá yẹ̀.

Sunia jáde wá pọn omi tí wọn yóò fi po kava.

“Baba Mele, ṣé o ti sọ fún un?”

“Mo ti sọ.”

“Kí lo sọ?”

“Mo ní gìtá yẹn dáa, pé igi ẹ̀ ń dán.”

“Ṣé igi dídán ni mo rán ẹ? Mo ní kó fa afárá yẹn sẹ́yìn díẹ̀.”

“Àna mi ni, ìyàwó mi. Ṣé kí n mu kava ẹ̀ tán, kí n wá máa tàbùkù iṣẹ́ ẹ̀? Òun náà kúkú ní rula ò lè parọ́.”

“Rula ò létí.”

“Màá sọ fún un,” ni Sunia wí, ó sì gbé omi wọlé. Losaline fetí sílẹ̀. Ẹ̀rín àti ife kava nìkan ló gbọ́.

Kò lè wọlé lọ. Láti ìgbà tí Fetuli ti hu irùngbọ̀n, èèwọ̀ ilẹ̀ wọn ni kí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó sábẹ́ òrùlé kan. Ó lè pè é síta kó sọ fún un, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà, nítorí ẹnikẹ́ni kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jiyàn. Gìtá tí Fetuli kọ́kọ́ kàn, Losaline kàn sọ lójú ọ̀nà pé ó ń ké bí ológbò ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà ti fi àáké là á, ó fi dá iná iṣu. Ní báyìí, ó ti sọ fún Sunia pé bí ẹgbẹ́ bá kọ èyí, òun yóò bá àwọn tó ń lọ já èso ní Ọsirélíà lọ. Losaline mọ àwọn tó lọ. Ó mọ ilẹ̀kùn wọn tó wà ní títì. Ilé ìyá wọn kò sì ní ẹlòmíràn tí yóò máa ṣí fèrèsé rẹ̀.

Ọ̀la jẹ́ Sọ́ńdè, kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Mọ́ńdè ni ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá gbé gìtá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú irin tí mo fi ń lu ihò yẹn,” ni Fetuli wí fún Sunia nínú ahéré.

Inú bí Losaline: bí ọmọ náà bá ti lu ihò, afárá kò ní ṣeé fà sẹ́yìn mọ́. Ó ju ewé ẹní sílẹ̀. Ta ni yóò tún rán, Sunia yìí náà?

Ó bá gbé orin ìsìn kan. Fetuli ta okùn lásán, ohùn wọn pàdé. Fetuli tẹ okùn, ohùn gìtá gun òkè, ṣùgbọ́n Losaline dúró síbi tó wà, ó ń fa ohùn náà lọ láìyẹsẹ̀.

“Ìyàwó mi, ṣé inú ló ń run ẹ ni?” ni Sunia bi í látinú ahéré.

“Ẹ dákẹ́, ẹ̀gbọ́n,” ni Fetuli wí.

Ìró irin tó ń wọ́ lórí igi dún, díẹ̀. Fetuli tún tẹ okùn. Ó ti súnmọ́ ọn. Losaline mí, ó tún fà á. Ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ. Fà á sẹ́yìn sí i, ọmọ yìí, ó kù díẹ̀. Irin tún wọ́. Ohùn méjèèjì wá di ọ̀kan, kò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́.

Ni Fetuli bá tún ta okùn tó nípọn jù. Losaline fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣépè. Ó mu omi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀, títí ohùn gbogbo okùn fi gún régé.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí irin ń lu ihò.

Ẹgbẹ́ gbé gìtá lọ ní Mọ́ńdè. Orin ìfẹ́ ni wọ́n ń kọ nídìí kava, èyí tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò gbọdọ̀ jọ gbọ́. Losaline ti fèrèsé tirẹ̀ pa, kò sì gbọ́ ẹyọ kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ayùn ló jí i. Lẹ́yìn ògiri páànù, Fetuli ń rẹ́ igi gìtá mìíràn, àkùkọ pàápàá kò tíì kọ.

“Baba Mele, lọ sọ fún un pé àwọn èèyàn ń sùn.”

Sunia dìde, ó ń wá ife kava rẹ̀ kiri.

“Jókòó,” ni Losaline wí. “Jẹ́ kó máa rẹ́ ẹ.”