Fáìlì Tí Bàbá Gbòǹgbò Kò Jẹ́ Kó Wọ Àká

Ọjọ́ tí àga pòórá nínú yàrá ìpàdé ni òkìkí Bàbá Gbòǹgbò kàn. Olè kọ́ ló kó àga. Adájọ́ ni. Obìnrin yìí, alábàáṣiṣẹ́ Bàbá tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó gbogbo àga pamọ́ sí yàrá kejì, ó wá to pákó, ìṣó àti òòlù kan sí àárín ilẹ̀. Bàbá wọlé tòun ti báàgì rẹ̀, ó wọ̀tún, ó wòsì.

"Àga dà?"

"Bàbá, ẹ ò rí i ni? Pákó rèé, ìṣó rèé. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ohun téèyàn bá lè ṣe jáde nígbàkígbà, kò yẹ ká máa tọ́jú ẹ̀. Ẹ kàn án, kẹ́ ẹ jókòó."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò mọ Bàbá rò pé yóò bínú lọ. Bàbá bọ́ kóòtù, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó kúnlẹ̀ ti pákó. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ó ń kàn án. Ìpàdé parí, ó ń kàn án. Ìgbà tí àwọn èèyàn ń wá báàgì wọn láti máa lọ ni ó tó jókòó, lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.

"Ó ń mì, Bàbá," ni Adájọ́ wí.

"Ó ń mì, kò wó," ni Bàbá dáhùn, ó sì gbé àga rẹ̀ lọ sílé.

Fáìlì kan ṣoṣo ló dá gbogbo ìjà yìí sílẹ̀. Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni Bàbá ti kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń sọ ìwé di bíréèlì, èyí tí àwọn tí ojú wọn kò ríran ń fi ìka kà. Ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́: ẹni tó bá fẹ́ kó lò ó, ẹni tó bá rí àléébù kó tún un ṣe. Kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí èèyàn kọ fún kọ̀ǹpútà, wà ní ibi ìpamọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní àká, tó máa ń rántí àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni bá ṣe. Adájọ́ ni igbá-kejì rẹ̀. Bàbá ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kò sí ẹjọ́ tí obìnrin náà kì í dá.

Kí ètò náà tó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó nílò fáìlì ìtòpọ̀, tí yóò yẹ ẹ̀rọ náà wò, tí yóò sì to kóòdù pọ̀ bó ṣe bá a mu. Èèyàn kì í kọ fáìlì yìí. Èèyàn á kọ ìlànà kúkúrú, kọ̀ǹpútà á wá fi ìlànà náà kọ fáìlì gbọọrọ. Ṣé kí fáìlì tí kọ̀ǹpútà kọ wọ àká, àbí kí ìlànà nìkan wà níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń jà sí.

"Gbòǹgbò là ń tọ́jú!" ni Bàbá á kígbe. "Ìlànà ni gbòǹgbò, fáìlì ni ewé; ewé á hù fúnra ẹ̀. Tó o bá kó ewé sínú àká, ẹnì kan á lọ fọwọ́ tún ewé ṣe, á fi gbòǹgbò sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ewé tuntun bá hù, àtúnṣe ẹ̀ ti wọmi nìyẹn."

"Irinṣẹ́ tó ń hu ewé yín kì í ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́," ni Adájọ́ á dáhùn. "Ṣé kí ẹni tí ò ní kọ̀ǹpútà tuntun máa jẹ gbòǹgbò?"

Bí Adájọ́ bá fi fáìlì náà sínú àká láàárọ̀, Bàbá á yọ ọ́ kó tó di ọ̀sán. Gbogbo rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ níbẹ̀: "Mo dá a padà." "Mo yọ ọ́." "Mo tún dá a padà, ẹ kú iṣẹ́." "Mo tún yọ ọ́, o kú oríkunkun." Lọ́jọ́ tí wọ́n dá Bàbá dúró sí ọsíbítù, tí omi ń kán sí i lára, ọwọ́ kejì ló fi ń tẹ fóònù.

"Bàbá, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sinmi," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sinmi? Adájọ́ ti mọ̀ pé mi ò sí nílé!"

Èyí tó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ojú wọn kò ríran, ní ìlú kan tó jìnnà réré. Ìdánwò ń bọ̀, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n ní kò lè hu ewé, ìwé ìdánwò kò sì lè di bíréèlì. Adájọ́ yọ̀. Ó ní Bàbá á gbà wàyí. Bàbá fi fáìlì sínú fílááṣì, ohun kékeré tí wọ́n fi ń gbé fáìlì kiri, ó fi fílááṣì sí àpò ẹ̀wù, ó wọ bọ́ọ̀sì.

"Ìka kan ló yẹ kó fi ṣe é," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ó ní ìdí tóun fi ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì lòun máa fi ṣe é."

Bó ṣe padà dé, Adájọ́ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ ti gbà báyìí pé wọ́n nílò ẹ̀?"

"Ta ló sọ pé wọn ò nílò ẹ̀? Gbòǹgbò ń gbé ilé, ewé ló ń lọ sọ́jà. Èmi ni mo gbé e lọ sọ́jà." Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí ètò náà bá ti di ọ̀tun ni Bàbá ń wọ bọ́ọ̀sì.

Ìgbà tó yá, Bàbá sùn, kò jí. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga tó ń mì náà wá fún Adájọ́. "Ó ní tìẹ ni. Ó ní o ò gbọdọ̀ tún ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún.

Kò pẹ́ ni olùkọ́ yẹn pe Adájọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n tún kọ̀ǹpútà wa ṣe, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló lọ. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ta ló máa bá wa gbé fáìlì wá báyìí?"

Adájọ́ jókòó sórí àga Bàbá, ó ṣí àká. Kò ju kó tẹ bọ́tìnnì kan lọ, fáìlì á wọlé, kò sì sẹ́ni tó máa yọ ọ́ mọ́ láéláé. Ó ti borí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ká ìka rẹ̀ kúrò, torí kò sí ohun tó dùn nínú ìborí ọ̀hún rárá.

Ewé ló ń lọ sọ́jà. Ọ̀rọ̀ náà sọ sí i lọ́kàn, ó sì fò dìde tó bẹ́ẹ̀ tí àga fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ò ní máa wọ bọ́ọ̀sì fún Bàbá? Ó jókòó padà, ó kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé nígbàkígbà tí ètò bá di ọ̀tun, kọ̀ǹpútà á hu ewé fúnra rẹ̀, á dì í pọ̀ mọ́ kóòdù sínú ẹrù kan tí ẹnikẹ́ni lè gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbòǹgbò nìkan ló kù nínú àká, ó mọ́ tónítóní bí Bàbá ṣe fẹ́ ẹ.

"Olùkọ́, ẹ gba ẹrù yín! Ewé wà nínú ẹ̀!"

Nígbà tí olùkọ́ tún pè, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Ó ń tẹ bíréèlì lọ ràì, àwọn ọmọ ń pariwo ayọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Adájọ́ náà pariwo.

Lẹ́yìn náà ló kọ ọ̀rọ̀ sínú àká, níbi tí wọ́n ti máa ń bá ara wọn jà: "Bàbá, gbòǹgbò wà nílé, ewé ti lọ sọ́jà. Mi ò sọ pé ẹ jàre o. Ẹ bá mi jiyàn."

Ó jókòó, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé èsì kò ní pẹ́ dé. Àga ń mì lábẹ́ rẹ̀. Kò wó.