Òróró Tí Jíbọ́lá Fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Tíṣà Agnes ni onílé mi nílùú Oǹdó. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọn kò sì bímọ. Jíbọ́lá, àbúrò wọn obìnrin, ni wọ́n fi ṣe ọmọ. Àwọn ni wọ́n tọ́ ọ, àwọn ni wọ́n rán an nílé ìwé títí ó fi di ẹni tó ń ta oògùn ní Àkúrẹ́. Jíbọ́lá jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n n kò ní fi "wọ́n" pè é níbí. Inú ṣì ń bí mi.

Àìríyàgbẹ́ ló ń yọ Tíṣà lẹ́nu. Jíbọ́lá fún wọn ní òróró kan tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, pé kí wọ́n máa mu ún. Ó ṣiṣẹ́. Bó bá ti tán, á tún fi òmíràn rán awakọ̀. Bí ọ̀pọ̀ wa níhìn-ín ṣe ń fi epo pupa gbé egbòogi mì, Tíṣà ń fi òróró yìí gbé kápúsù fítámínì wọn mì lálaalẹ́. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kó yọ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun.

Kò pẹ́, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Tíṣà kì í ríran mọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń ka Bíbélì ní ìsìn ìrọ̀lẹ́, iná ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í sì í mọ́lẹ̀ tó. Bíbélì kíkà yẹn ni ohun kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n fi ń yangàn. Wọ́n pe Jíbọ́lá lórí fóònù lójú mi.

"Àǹtí mi, ọjọ́ orí ni. Ẹ fi kíkà yẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé."

Wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n sunkún, mo rí i.

Nígbà tí wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ara wọn, mo mú wọn lọ rí dókítà ní Àkúrẹ́. Dókítà bi wọ́n léèrè gbogbo ohun tí wọ́n ń mu, ó sì mi orí. Ó ní òróró yẹn kì í dà nínú ara, bó ṣe ń jáde ló ń kó fítámínì tí ojú ń lò lọ. Ó ní kí wọ́n dá a dúró, ojú á padà.

"Jíbọ́lá ò mọ̀ ni," ni Tíṣà wí lọ́nà. A yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Ìsìnkàn kí wọ́n lè kìlọ̀ fún un. Ó kọ̀yìn sí wa, ó ń gbé ìgò òróró náà gan-an fún oníbàárà kan.

"Má mu ún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ o," ló ń sọ. "Má sì mu ún pọ̀ mọ́ fítámínì, á gbé e lọ ni."

Ohun tí kò sọ fún Tíṣà ló ń sọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

Jíbọ́lá yíjú, ó rí wa. "Àǹtí mi, ìgbà tí ẹ sọ ti ojú yẹn ni mo tó rántí. Ojú ń tì mí láti sọ pé èmi ni mo fà á."

"O wá ní kí n fi Bíbélì sílẹ̀," ni Tíṣà dá a lóhùn. A jáde.

Ojú wọn ti bọ̀ sípò báyìí, wọ́n sì ti padà sí ìdí Bíbélì wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ti ń ṣú, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Jíbọ́lá gba ẹnu géètì wọlé. Tíṣà ti rí i kí n tó rí i. Àwọn ni wọ́n fọwọ́ kàn mí. Ó kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí mi."

Wọ́n wo ojú rẹ̀ tààrà.

"Ta nìyẹn?" ni wọ́n bi mí. "Ojú mi ò ríran lálẹ́. Ọjọ́ orí ni."