Ẹ-Pa-Á Tó Ń Wọn Eré Íńtánẹ́ẹ̀tì

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ-Pa-Á ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kì í kí èèyàn tán tí yóò fi ní, "Ẹ pa á! Tẹlifíṣọ̀n, fóònù, gbogbo ẹ̀, ẹ pa á!" Íńtánẹ́ẹ̀tì inú ilé ló máa ń wọ̀n, bóyá ó ń sáré ni àbí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Wáyà tirẹ̀ máa ń wà lọ́rùn rẹ̀. Kì í wọ̀n ọ́n láti inú afẹ́fẹ́ láéláé. Láti ẹ̀yìn àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì gan-an ló ti ń ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní ògiri máa ń bù jẹ nínú rẹ̀ kó tó déni lọ́wọ́.

Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Láti ìgbà tí bàbá ọmọ mi ti kú, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ mi tó wà lókè òkun ń fi ojú rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Nígbà tó yá, ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í dì gbagidi, ẹnu á là sílẹ̀ bíi ti ẹja. Ó sú u. Ó ní òun á kúkú máa kọ̀wé sí mi. Ìwé wo? Èmi tí mo ń tan iná wá lẹ́tà A lọ́sàn-án gangan!

Ẹ-Pa-Á dé, a pa gbogbo ẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n, ó mi orí. Ó tún un wọ̀n.

"Màmá, ẹnì kan ń bù mu nínú ìkòkò tí mò ń wọ̀n yìí."

"Ta ni? Akọ̀wé nìkan ló wà ní yàrá, ó sì ń sùn."

Akọ̀wé ni mò ń pe àbúrò ọkọ mi tó wá ń bá mi gbé lẹ́yìn ìsìnkú. Ìyàwó ilé ni mí, ta ló bí mi dáa tí mo fi máa pè é lólè? A ń gbọ́ tó ń hanrun. Ṣùgbọ́n ìhanrun náà ní ìwọ̀n. Tiẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹ-Pa-Á ṣẹ́jú sí mi, ó gbóhùn sókè: "Áà, bọ́ọ̀lù òní mà burú o! Wọ́n ti gbá mẹ́ta sílé àwọn tiwa!"

"Irọ́ ni!" Akọ̀wé ké láti yàrá. "Ọ̀mì ni wọ́n ṣì ń ta!"

"Ẹ kú ojú oorun, sà," ni Ẹ-Pa-Á dáhùn. "Ẹ pa á."

Akọ̀wé pa fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà orí kọ̀ǹpútà fò sókè bí ẹni tí oyin ta.

Nírọ̀lẹ́, ojú ọmọ mi jáde kedere, mo rí àpá kékeré tó wà nímú rẹ̀. Àṣé òun náà ń rí mi.

"Màámi, ṣé fìlà Bàámi lẹ dé yẹn?"

"Òtútù ló ń mú mi lórí."

"Tí abẹ̀bẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín?"

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń dé e, tí ojú tó ń dì ń bo àṣírí mi. Mo yíjú sí yàrá.

"Akọ̀wé, ọkọ mi! Ṣé bọ́ọ̀lù ti tán ni? Ẹ tàn án o!"