Ìgò Làtífù Nínú Yìnyín Ìjọba

Àtùpà ni fíríìjì ilé àlejò ìjọba ní Lọ́kọ́jà fi ń ṣiṣẹ́ láyé ìgbà náà. Ẹni tí kò rí i rí á ní irọ́ ni: iná ń jó nísàlẹ̀, omi ń dì lókè. Àdìjátù ló ń bu kẹrosíìnì sí i, òun náà ló ń gé òwú rẹ̀ kó má baà rú èéfín. Opó ni, ọmọ ará Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kpata, àdúgbò kan ní Lọ́kọ́jà náà. Nínú gbogbo ọmọ tó bí, Làtífù nìkan ló kù.

Ọdún kejì òmìnira ni kórópọ̀n Làtífù kan wú, tó le bí òkúta. Ó fi pamọ́ títí kò fi lè jókòó wa ọkọ̀ ojú omi ìjọba mọ́. Dókítà ní kó lọ sí Kàdúná, wọn yóò gé e, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ jó ìyókù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, kó má retí ọmọ mọ́. Àdìjátù sáré lọ bá àwọn òbí àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ìgbéyàwó tètè wáyé. Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Wọ́n fún un lómi mu, wọ́n ní kí ọmọ náà lọ Kàdúná bọ̀ ná.

Alfred, ọmọ Kàbà tó ń po oògùn ní ilé ìgbòògùn, fẹ́ tù ú nínú. Ó ní òun kà á nínú ìwé ìròyìn pé àwọn òyìnbó kan ń gba àtọ̀ ọkùnrin, wọ́n ń fi òtútù mú un dì, wọ́n sì ti fi bímọ. Àdìjátù kò gbọ́ èyí tó kù. Òtútù kẹ̀? Ta ló ni òtútù ní Lọ́kọ́jà bí kì í bá ṣe òun?

Àmọ́ ẹnu wo ni ìyá yóò fi sọ irú èyí fọ́mọ? Ó fọ ìgò oògùn kan, ó fi omi gbígbóná ṣàn án, ó gbé e lọ fún Mùkáílà, àbúrò ọkọ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún un.

"Ìyàwó, o ò rí iṣẹ́ mìíràn rán mi? Iṣẹ́ tí ìwọ tó bí i ò lè jẹ́?"

"Ọkọ mi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ jẹ́ ọkùnrin."

Mùkáílà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ó gbé ìgò náà lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìgò ti padà sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá, ó wà nínú hánkáṣíìfù Làtífù. Ọmọ dọ̀bálẹ̀ kí ìyá, kò wojú rẹ̀. Ìyá pàápàá ń wo ilẹ̀. Ó ti ẹran àwọn ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé ìgò síbi tí omi ti ń dì jù. Lọ́sẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ akẹ́rù gbé Làtífù lọ.

Àdìjátù kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sún mọ́ fíríìjì mọ́. Nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n, ó ń gbọ́n ti àtùpà ilé rẹ̀ sí i, òun fúnra rẹ̀ ń jókòó sínú òkùnkùn. Mùkáílà á máa yọ ọ́ lẹ́nu pé kó tètè ran ẹ̀wù òtútù sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Kàdúná ni Làtífù kú sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí lọ́jọ́ náà, bí ẹ̀sìn ti wí. Ìròyìn ni Kpata rí, wọn kò rí òkú.

Nígbà tí àwọn olùbánikẹ́dùn dín kù, Àdìjátù lọ béèrè lọ́wọ́ Alfred ohun tí wọn yóò ṣe sí ìgò náà kó tó di ọmọ. Alfred kò kọ́kọ́ lóye. Nígbà tó yé e, ó jókòó.

"Ìyá, ta ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó tó dì. Òtútù tiwọn sì ju ti fíríìjì lọ, kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ti kú láti ọjọ́ tí ẹ gbé e síbẹ̀."

Àdìjátù kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ó ti ṣáájú Làtífù kú nìyẹn."

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kó dà á nù ni? Ọmọ ẹni kọ́ là ń dà nù. Kó sin ín ni? Sàréè wo, àdúà wo? Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ kan ìgò náà, ó ti ilẹ̀kùn padà. Iná ìsàlẹ̀ ti fẹ́ kú. Ó kúnlẹ̀, ó gé òwú rẹ̀, ó bu kẹrosíìnì sí i.