Ajá Tí Wọ́n Yá Láti Ṣe Ìyá

Nígbà tí mo ti ọ̀dọ̀ alápatà dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, tí mo sọ àpò egungun kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo rí i pé ilé Tanímọ̀la ṣófo. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀wọ̀n tí a fi ń mú un jáde kò sí lórí ìṣó. Mo pè é, mo sì fi ṣíbí lu abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ajá yòókù gbó, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn tirẹ̀.

Tanímọ̀la ni abo ajá tí a ń gbójú lé jù lọ nínú ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Festac. Ajá Jámánì ni, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Àlùséṣàn. Mọ̀mí ló ni ín. Opó ni Mọ̀mí, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tipẹ́, ajá ni wọ́n ń sìn tí wọ́n sì ń tà láti ìgbà náà. Èmi ni mo ń bá wọn tọ́jú àwọn ajá náà. Ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ni àkọ́bí mi wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà; ó ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí.

Mọ̀mí kò sí nílé lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Wọ́n ti lọ sí Ìbàdàn láti bá ọmọ wọn obìnrin wẹ ọmọ tuntun. Fẹ́mi, àbíkẹ́yìn wọn, nìkan ló wà ní pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

"Fẹ́mi, Tanímọ̀la dà?"

"Àǹtí Rónkẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Bọ̀dá Lékè ló yá a."

"Ó yá a? Ṣé odó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ní òun á dá a padà kílẹ̀ tó ṣú. Oníbàárà kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, ó ní òun fẹ́ kó bá ajá tó dáa nínú ọgbà. Àǹtí, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ la lò nígbà tí tiwa bàjẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

N kò lè bínú sí i púpọ̀. Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bí aládùúgbò bá wá yá àkàbà, o kò ní béèrè ibi tó fẹ́ gùn. Ṣùgbọ́n mo mọ Lékè. Ó ti gbé àdúgbò wa rí kó tó kó lọ sí Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, òun náà sì ń sin ajá. Àwọn ọmọ ajá rẹ̀ máa ń dé ọwọ́ àwọn tó ń gbé wọn sókè láti tà wọ́n fún àwọn onímọ́tò lójú títì ní Mile 2. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi ajá àgbà ṣe fún ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo?

Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdáhùn ti wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ tí Mọ̀mí fi gbà mí síṣẹ́ ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn kò fún mi ní ìgbálẹ̀. Wọ́n gbé àpótí fún mi, wọ́n ní kí n jókòó síwájú abo kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí n máa wò. Mò ń wo àwọn ọmọ, nítorí pé ọmọ ajá dùn ún wò. Nígbà tó yá, Mọ̀mí bi mí pé, "Kí lo rí?" Mo ní wọ́n rẹwà. Wọ́n ní, "N kò bi ọ́ ní ti ọmọ. Ìyá wọn ńkọ́? Ṣé ó jẹun? Ṣé ara rẹ̀ balẹ̀? Ṣé ó ń jẹ́ kí o súnmọ́ òun? Gbogbo ohun tí ọmọ yóò dà wà lára ìyá. Ẹni tó bá ń sin ajá bó ṣe yẹ kò ní fi ìyá pamọ́ fún ọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi, ní ìsọ̀, ní ìdúró ọkọ̀, àti lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìyá hàn yín. Mo tún máa ń kìlọ̀ nípa ikùn, nítorí àṣìṣe ńlá tí àwa Yorùbá máa ń ṣe nìyẹn. A fẹ́ràn ikùn. Ọmọ tí ikùn rẹ̀ yọ la máa ń rò pé ó yó. Mo rí bàbá kan tó kọ ọmọ ajá mẹ́ta tí ara wọn le koko, ó ní ó dà bíi pé ebi ń pa wọ́n, ó lọ ra oníkùn ńlá kan létí títì. Aràn ló kún inú rẹ̀. Ikùn tó le bíi bọ́ọ̀lù lórí egungun ìhà tó hàn síta, aràn ni, kì í ṣe oúnjẹ.

Ó dà bíi pé ìmọ̀ràn nípa ìyá náà ti tàn kálẹ̀. Àwọn oníbàárà ti ń béèrè. Lékè nílò ìyá.

Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn ọgbà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i, díẹ̀ báyìí, ó fi ara dí àyè tó kù.

"Àǹtí mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síta díẹ̀. Mò ń parí nǹkan lọ́wọ́."

"Ajá wa ni mo wá mú."

"Mo mọ̀. Àǹtí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ lọ."

Ohùn obìnrin kan ti inú wá. "Bọ̀dá, ta nìyẹn? Ṣé ẹlòmíì tún fẹ́ rà ni?"

Mo wọlé. Ọkọ àti ìyàwó kan tí wọn kò tíì tó ogójì ọdún ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn kékeré, Ìní. Ọmọ ajá márùn-ún ń rìn gbéregbère lórí símẹ́ńtì. Wọ́n so Tanímọ̀la mọ́ òpó kan nítòsí wọn. Bó ṣe rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù. Ọmọ ajá kan súnmọ́ abẹ́ ikùn rẹ̀; Tanímọ̀la yọ eyín sí i, ó kùn.

"Mọ́mì," ni Ìní wí, "kí ló dé tí mọ́mì wọn ò fẹ́ràn wọn?"

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni," ni Lékè yára dáhùn. "Ẹ mọ bí ìyá ọlọ́mọ ṣe máa ń rí."

Ìyá Ìní kọjú sí mi. "Àǹtí, èyí tá a kọ́kọ́ rà ní Mile 2 ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ títí tó fi kú. Ọmọ mi yìí kọ oúnjẹ nítorí ẹ̀. Ìdí tá a fi ní dandan a fẹ́ rí ìyá wọn nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó tún fojú rí irú ẹ̀."

Lékè ń wò mí. N kì í ṣe ẹni tó máa ń tú àṣírí ẹlòmíràn níwájú àlejò. Bí mo bá dákẹ́, owó á wọlé fún un, màá mú ajá mi lọ, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí èyí náà bá kú, Tanímọ̀la ni wọn yóò rántí pé ó jẹ́ ìyá rẹ̀. Ìní yóò sì tún kọ oúnjẹ.

"Ẹ má bínú," ni mo wí. "Ajá yìí kì í ṣe ìyá wọn. Ilé wa ní Festac ni wọ́n ti yá a láàárọ̀ yìí."

"Yá kẹ̀?" ni Bàbá Ìní wí. "Wọ́n ń yá ajá?"

"Àǹtí Rónkẹ́!" Lékè ká ọwọ́ lérí. "Ẹ̀yin olódodo Festac! Ẹ ò lè panu mọ́ fún ìṣẹ́jú kan!"

Bàbá Ìní ń sún sẹ́yìn láti lọ, ló bá fi bàtà tẹ ìrù ọmọ ajá kan. Ọmọ ajá náà ké. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, ajá kan dáhùn lẹ́yìn ilé. Kì í ṣe gbígbó. Ó ń sunkún, ó sì ń fi èékánná ha páànù. Àwọn ọmọ márààrún gbé etí sókè, wọ́n sì sáré lọ síbi ilẹ̀kùn páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n to ara wọn síbẹ̀.

"Òun nìyẹn," ni Ìní wí.

Lékè mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà. Nínú àgò irin onípáànù kan tí kò gbà á láti nà gbọọrọ ni ìyá wọn wà. Mo lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti ibi tí mo dúró. Ọmú rẹ̀ ti fà dé ilẹ̀. Abọ́ omi rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí i, ó lá a. Kò sí ìwà burúkú kankan lára ajá náà.

"Ẹlẹ́tàn ni yín!" ni Bàbá Ìní wí.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ná. Bí mo bá fi èyí hàn yín, ṣé ẹ máa rà?"

Bàbá Ìní fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ìgbà wo ló bímọ kẹ́yìn kó tó bí àwọn wọ̀nyí?" ni mo bi í.

Ó wo ilẹ̀. "Gbogbo ìgbà tó bá ti wá akọ ni mo máa ń jẹ́ kó gbà á, Àǹtí. Òun nìkan ni mo ní."

Mo sọ fún àwọn òbí náà pé àwọn ọmọ ajá náà kò tíì burú, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kúrò lẹ́nu ọmú. Ó yẹ kí wọ́n pé oṣù méjì lọ́dọ̀ ìyá wọn, kí dókítà ẹran ti lo oògùn aràn fún wọn, kí wọ́n sì ti gba abẹ́rẹ́. Ìyá Ìní gba nọ́ńbà fóònù mi. Ọkọ rẹ̀ ní àwọn kò ní padà wá. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ọmọ náà ń wo ẹ̀yìn títí wọ́n fi kọjá ilẹ̀kùn.

"Ẹ ti ba ọjà mi jẹ́," ni Lékè wí.

Mo bu omi sí abọ́ ajá rẹ̀, mo tú Tanímọ̀la, mo lọ.

Nígbà tí Mọ̀mí dé láti Ìbàdàn, mo ròyìn fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ pe Fẹ́mi. "Bí Lékè bá tún wá yá nǹkan nínú ilé yìí, ìwọ ni kí o tẹ̀ lé e. Kó so ọ́ mọ́ òpó." Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n mú wọn lọ sí Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá.

Mo rò pé wọn yóò pariwo. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àgò náà.

"Lékè, wo ajá yìí, kí o sọ ohun tí o rí fún mi."

"Ó rù, Mọ̀mí."

"Ta ló jẹ́ kó rù?"

Mọ̀mí ní, "Gbọ́. Títà ajá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, èmi náà ń tà á. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá ń tijú láti fi han ẹni tó fẹ́ rà á, ìwọ náà mọ̀ pé kò dára. Bọ́ ọ. Má jẹ́ kí akọ gùn ún títí ara rẹ̀ á fi padà bọ̀ sípò. Má ta ọmọ kankan fún àwọn ará Mile 2. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó máa júwe rẹ fún ènìyàn. Bí o kò bá ṣe é, n ó ṣì máa júwe rẹ, ṣùgbọ́n o kò ní fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe ń júwe rẹ."

Lékè rẹ́rìn-ín tipátipá. Ó fọ́ àgò náà, ó sì fi páànù rẹ̀ ṣe òrùlé sí igun ọgbà kan. Mò ń lọ wò wọ́n, mò ń gbé egungun àti ọ̀rá ẹran lọ. Kò sí ìgbà tí mo dé ibẹ̀ tí kò ráhùn. Ó ní oúnjẹ ajá ti pọ̀ ju tòun lọ, ó ní èmi àti Mọ̀mí ti sọ òun di ọmọ ọ̀dọ̀ ẹran. Ṣùgbọ́n abọ́ omi kò gbẹ mọ́. Dókítà wá. Irun ìyá ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í dán.

Nígbà tí àwọn ọmọ ajá náà tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn, mo pe Ìyá Ìní. Ó ní àwọn yóò kàn wá wò ó ni.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wá. Ìyá ajá náà fúnra rẹ̀ ló rìn lọ pàdé wọn, àwọn ọmọ rẹ̀ tò tẹ̀ lé e. Bàbá Ìní rọra fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé kò gbàgbọ́ pé ajá yẹn náà ni. Ìní mú akọ kan tó ní funfun láyà. Mo rò pé Lékè yóò gba owó rẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ó fa àga, ó jókòó.

"Ta ló máa wà nílé pẹ̀lú ẹ̀ lọ́sàn-án?"

"Màmá mi," ni Bàbá Ìní wí.

"Ṣé wọ́n fẹ́ràn ajá? Ṣé ọgbà yín ní géètì? Níbo ló máa sùn bí òjò bá ń rọ̀? Bí ẹ bá kó lọ síbi tí lándílọ́ọ̀dù ò ti gba ajá ńkọ́?"

"Ọ̀gá Lékè," ni Bàbá Ìní wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "ṣé ajá la wá rà ni, àbí ìyàwó la wá tọrọ?"

Lékè kò rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó tí wọ́n bá fìyà jẹ, ó lè padà sílé bàbá ẹ̀ lọ rojọ́. Èyí ò lẹ́nu tó máa fi rojọ́. Bó bá sú yín, lọ́jọ́ kọ́jọ́, ẹ má fún ẹnì kankan, ẹ má tú u sí títì. Ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ gbé e padà wá."

Ó dìde, ó lọ mú káàdì abẹ́rẹ́ ajá náà wá láti inú ilé. Ìyá Ìní wò mí, mo wo ibòmíràn, nítorí omi ti kún ojú mi. Ìyá ajá náà tẹ̀ lé wọn dé géètì. Ìní gbé ọmọ ajá náà wálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè gbóòórùn rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀ láti imú dé ìrù, ó lá a lójú, ó sì yí padà lọ bá àwọn yòókù.