Ọ̀pá Abíyá Tí Bàbá Àgbà Gbẹ́ Sílẹ̀ Dè Mí

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Bulumkutu, ní ìlú Maiduguri níbí, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì iṣẹ́ káfíńtà lọ, kò sí ibi tí mo fẹ́ràn bí ṣọ́ọ̀bù bàbá tó bí bàbá mi. Káfíńtà ni bàbá àgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, kì í ṣe káfíńtà ṣákálá o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nílùú yìí débi pé kò sí ẹni tó ń kọjá tí kì í kí i kú iṣẹ́ ní Haúsá pé, "Baba, sannu da aiki!" Òun náà á dáhùn, "Yauwa, sannu!" láì gbójú kúrò lára igi. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìlú wa di olú ìlú ìpínlẹ̀, yunifásítì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wá láti ilẹ̀ Yorùbá ló ń wá bẹ́ẹ̀dì àti àga, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ń rọ́ wá.

Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. Ẹ̀yìn bàbá àgbà ni mo ń gùn lọ síléèwé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, orúnkún rẹ̀ yẹ̀ nínú iyanrìn, àwa méjèèjì sì ṣubú gbì! Bàbá mi ní, "Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ ti dàgbà." Ó ní tí ọyẹ́ bá fi kásẹ̀ nílẹ̀ tí n kò lè dá rìn dé iléèwé, òun á fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, kí n jókòó sójú kan. Háà! Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Èmi tí Haúsá mi já gaara ju Yorùbá lọ, ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Báwo ni mo ṣe fẹ́ wà láìsí bàbá àgbà?

Bàbá àgbà ò bá a jiyàn. Ó kàn ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ó mú ayùn. Kò pẹ́ tí ó fi gbẹ́ ọ̀pá méjì, irú èyí tí à ń kì bọ abíyá fi rìn. Ó dán, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ báyìí, iyanrìn gbé ìdí ọ̀pá mì, mo dojú bolẹ̀. Ilẹ̀ líle ni ó gbẹ́ ọ̀pá fún. Ó gbàgbé pé inú iyanrìn la wà. Inú bí i sí ara rẹ̀ débi pé kò jẹun ọ̀sán.

Ṣé ẹ mọ ohun tí bàbá yìí ṣe? Ó gbé àga lọ sétí ọ̀nà, ó jókòó, ó ń wo ràkúnmí! Àwọn ràkúnmí ló ń ru igi ìdáná wọ̀lú láti ọ̀nà Khaddamari nígbà náà. Àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Baba, ṣé ẹ fẹ́ ra ọ̀kan ni?" Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò." Ẹsẹ̀ ràkúnmí fẹ̀, ó rí pẹlẹbẹ, kì í rì. Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbẹ́ ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ sí ìdí ọ̀pá mi, ó fi rọ́bà táyà bo abẹ́ rẹ̀, ó sì fi àkísà di orí rẹ̀ kó má baà bó mi ní abíyá.

Láàárọ̀ tí mo kọ́kọ́ dá lọ síléèwé, ọyẹ́ ti ń lọ sópin. Bàbá àgbà ń tẹ̀ lé mi, ó ń sá pamọ́ láti ẹ̀yìn igi dóńgóyárò kan sí òmíràn, bí ẹni pé n kò rí i. Ọkùnrin gíga bẹ́ẹ̀! Àwọn ọmọ àdúgbò ti gbọ́ ìtàn ẹsẹ̀ ọ̀pá náà, wọ́n ń pariwo, "Rakumi! Rakumi!" Mo yíjú sí wọn, mo ní ẹ̀n-ẹ́n, ràkúnmí ni mí, ràkúnmí kì í rì. Mo dé ẹnu ọ̀nà iléèwé láìṣubú. Bàbá àgbà gbàgbé pé òun ń sá pamọ́, ó bọ́ síta, ó ń jó láàárín ọ̀nà. Bàbá mi ò dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́.

Láti ìgbà náà, tí ọyẹ́ bá ti dé, bàbá àgbà á ní kí n fẹ̀yìn ti òpó ṣọ́ọ̀bù, á fi ìṣó fa ìlà sí ibi tí orí mi dé, á sì gbẹ́ ọ̀pá tuntun. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣú. Kò gba iṣẹ́ àga mọ́, ọ̀pá nìkan ló ń gbẹ́, èyí ga ju ìyẹn lọ. Mo ní, "Bàbá, ta ló ni gbogbo ìwọ̀nyí?" Ó ní, "Ìwọ ni. Ojú mi ò ní dúró títí o máa fi ga tán."

Ó kú kí n tó jáde iléèwé girama. Àwọn ọ̀pá tó gbẹ́ sílẹ̀ ni mo ń dàgbà bá, ọ̀kan nínú wọn ni mo sì kì bọ abíyá wọ yunifásítì. Èyí tó gùn jù nìkan ni n kò ga bá. Ó rò pé mà á ga ju báyìí lọ. Káfíńtà kan ní òun á bá mi gé e kúrú, mo ní kó gbọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Ayé ti yí padà. Èyí tí ẹ rí lọ́wọ́ mi yìí, irin fúyẹ́fúyẹ́ ni, ọmọ mi ló rà á. Ẹ tẹ̀ ẹ́ níbí, á gùn. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, á kúrú. Ó dára, n ò ní purọ́. Ọ̀nà oníyanrìn yẹn náà ti di títì ọ̀dà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní láti jókòó mọ́, kí ojú rẹ̀ máa ṣú, kó máa ro bí mo ṣe máa ga tó. Èyí tó gùn jù yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi. Nígbà mìíràn, tí kò bá sẹ́ni nílé, mo máa ń lọ dúró tì í, mà á sì na ọrùn.