Ìgbín Wẹ́wẹ́ Ìdí Àmù

Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Nígbà tí mo wọ agboolé wa ní Àrẹ̀mọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti kúrò nílé ọkọ tirẹ̀, ó ti padà sílé bàbá wọn. Mo sọ ọ́ ní Adúmáadán. Títí di ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, n kò pe orúkọ rẹ̀ rí.

Gaàrí ló ń sẹ́ fún àwọn oníṣòwò Ọjà'ba kó tó di pé Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga, olùkọ́ kan tó ń ṣèwádìí ìgbín wẹ́wẹ́, gbà á síṣẹ́ ní ọdún 1959. Ó ní òun yóò fi oṣù mẹ́fà dán an wò. Asẹ́ gaàrí náà ló fi ń sẹ́ ewé jíjẹrà inú igbó, tó ń ṣa ìgbín tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ. A fi í rẹ́rìn-ín títí. Ta ní ń wá ìgbín tí kò tó jẹ? Ṣùgbọ́n ó mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ọmọ àbúrò rẹ̀: èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́ ewé ló ń gbé, èyí tó rí pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì, abẹ́ òkúta ni, èyí tí ẹnu ìkarahun rẹ̀ kọjú sí òsì kò wọ́pọ̀ rárá. Iṣẹ́ yìí ló sì pa àwọn tó ń pè é ní dálémosú lẹ́nu mọ́.

Lọ́jọ́ kan ó rí ẹlẹ́nu-òsì nílé wa, nídìí àmù tí Bàbá Fàsásì, àgbà agboolé, fi ń ṣe àlùwàlá. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbà. Ó ní igbó nìkan ni irú rẹ̀ ń gbé, pé àfi kó jẹ́ pé ó há sára asẹ́ rẹ̀ láti inú igbó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbín ibì kan ti ń dàpọ̀ mọ́ ti ibòmíràn, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ti dàrú, òun kò sì ní gbà á síṣẹ́ mọ́. Ó ní òun ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé.

Adúmáadán sọ fún wa pé àlejò ń bọ̀. Kò sọ ohun tó ń bọ̀ wá wò. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: kí ọ̀mọ̀wé wá bá ìdí àmù tó ń yọ̀ bọ̀rọ́? Èmi ni mo kó àwọn ìyàwó ilé jọ. A gbá a, a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a da eérú sí i. Mo tún ń yangàn.

Nígbà tí Adúmáadán mú àlejò wọlé ní Sátidé, ó wo ilẹ̀ gbígbẹ náà, ó wò mí.

“Ìyàwó, ta ló ní kẹ́ ẹ gbá a?”

Omi gba ojú rẹ̀. Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá kó sí i.

Bàbá Fàsásì ń kùn lórí àga rẹ̀. “Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ gbé àmù mi kúrò! Mo ní wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Wàhálà obìnrin!”

Adúmáadán kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e lẹ́ẹ̀kan péré.”

Bàbá ráhùn tán, ó gbà. Èmi àti Adúmáadán la gbé e tomi tomi. Abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Ó fi ìyẹ́ adìẹ gbá erùpẹ̀ ibẹ̀ sórí asẹ́ tuntun tí ọ̀gá mú wá. Ìgbín mẹ́ta ló kù síbẹ̀, tí wọ́n ń rìn, ẹlẹ́nu-òsì ni gbogbo wọn.

“Ẹ má bínú, ìyá,” ni ọ̀gá wí. “Èmi ni mo ṣì í. Ẹ wá gba ìwé iṣẹ́ yín lọ́jọ́ Ajé.”

Ó kó wọn sínú ìgò kékeré, ó kọ nǹkan sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Adúmáadán kò mọ̀wé, ló bá na ìgò náà sí mi.

“Kí ló kọ, ìyàwó?”

Mo kà á: “Abẹ́ àmù, Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn.” Mo fẹ́ dá ìgò náà padà fún un.

“Ó ṣì kù. Mo rí i pé ó ṣì kù.”

Mo kúnlẹ̀ kí n tó kà á. “Ẹni tó rí i: Kúlúsúmù.”

Ó ní kí n tún un kà.